Káàdì Tí Ọlọ́rundáre Fi Sá fún Rìlífù

Ọlọ́rundáre Bọ́lárìnwá kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn sílẹ̀ ná, nítorí nígbà tí mo bá sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, àwọn kan nínú yín á fẹ́ ṣépè fún un, bẹ́ẹ̀ èpè tí ọkùnrin náà ti ṣẹ́ fún ara rẹ̀ ti tó o.

Ọmọ Iléṣà ni, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì láti inú oyún. Rélùwéè ló gbé e wá sí Òṣogbo lọ́dún tó gbé Phebe níyàwó. Iṣẹ́ rẹ̀ ní sítéṣọ̀n ni pé kí ó máa fa irin gbọọrọ tí ń yí ojú ọ̀nà padà, kí ọkọ̀ tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ má baà kọlu èyí tó ń ti Ọ̀fà bọ̀. Àwọn mẹ́ta ló ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ara wọn: òun, Nùrẹ́nì ọmọ Òkè-Baálẹ̀, àti Béjidé, àgbàlagbà kan tí orúnkún ń dà láàmú. Òun àti Nùrẹ́nì ti di ọ̀rẹ́ débi pé bí Nùrẹ́nì bá ń gbààwẹ̀, Ọlọ́rundáre kì í jẹun níṣojú rẹ̀. Bí Kérésìmesì bá sì dé, Nùrẹ́nì ló máa ń gba iṣẹ́ ṣe kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè lọ sílé.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, òun náà ni rìlífù. Bí òṣìṣẹ́ kan bá gba ìsinmi ní àwọn sítéṣọ̀n kéékèèké inú igbó lọ́hùn-ún, lápá Mìnnà, Òṣogbo ni wọ́n ti ń mú ẹni tí yóò lọ dípò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí ọjà níbẹ̀, kò sí ojúlùmọ̀, ẹ̀fọn ibẹ̀ sì lè gbé ọmọ jòjòló. Béjidé kò lè lọ nítorí orúnkún. Ó ku àwọn méjì. Ọ̀gá sítéṣọ̀n kì í dá sí i rárá. "Ẹ lọ parí ẹ̀ láàárín ara yín," ni yóò wí, "kí ẹ mú orúkọ kan ṣoṣo wá fún mi."

Ògúnlẹ́yẹ ló mú káàdì wọ ọ̀rọ̀ náà. Gáàdì ni, ẹni tó máa ń wà lẹ́yìn ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú àsíá àti fèrè, ó sì ti bá òyìnbó awakọ̀ kan ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Jẹ́bà. Ibẹ̀ ló ti kọ́ eré káàdì tí wọ́n ń pè ní pókà. Ó bá àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n ti ń pariwo mọ́ra wọn lọ́jọ́ kan, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló dé tí ẹ ń ya ẹnu yín báyìí? Ẹ fi káàdì parí ẹ̀. Káàdì kì í gbè sẹ́yìn ẹnì kan."

Ọlọ́rundáre ní, "Ẹ̀gbọ́n, tẹ́tẹ́ kọ́ nìyẹn?"

"Owó dà níbẹ̀? Igi ìṣáná la ó fi ta á. Ẹni tí ìṣáná ẹ̀ bá kéré jù nígbà tí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ bá fọn fèrè, òun ló ń lọ rìlífù."

Ọlọ́rundáre rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ìjọ wọn kọ tẹ́tẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òun kò gbọ́ ibi tí pásítọ̀ ti dárúkọ ìṣáná rí. Nùrẹ́nì náà yẹ ìwàásù àwọn áfáà rẹ̀ wò lọ́kàn, kò rí ìṣáná níbẹ̀. Irú àlàyé tí ẹni tó ti fẹ́ ṣe nǹkan tẹ́lẹ̀ máa ń rí nìyẹn. Wọ́n bá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn sítéṣọ̀n, Ògúnlẹ́yẹ sì tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀ fún káàdì.

"Ìdílé mẹ́rin ló wà nínú káàdì," ó ní, "pupa méjì, dúdú méjì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba márùn-ún, kò sì gbọ́dọ̀ fi han ẹnikẹ́ni. Bí méjì bá jọra, ìbejì nìyẹn. Ìbejì lọ́nà méjì ju ìbejì kan lọ. Ìbẹta ju ìyẹn lọ. Bí márààrún bá tò tẹ̀ léra bí ọmọ iléèwé, márùn-ún, mẹ́fà, méje, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, ó ju ìbẹta. Bí márààrún bá jẹ́ ìdílé kan náà, a ń pè é ní ẹbí kan, ó ju èyí tó tò lọ. Ìbẹta àti ìbejì lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ilé ti kún nìyẹn, ó ju ẹbí kan. Bí mẹ́rin bá wá jọra lọ́wọ́ ẹ, máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Ó fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń ta á. Ìwọ á ti ìṣáná síwájú. Ẹni tó bá fẹ́ bá ọ dúró á ti iye kan náà, ẹni tó bá gbà pé tòun dáa jù á fi kún un, ẹni tí ẹ̀rù bá bà á da káàdì rẹ̀ nù. Lẹ́yìn náà, o lè dá èyí tí kò wúlò padà kí wọ́n fún ọ ní òmíràn, wọn á sì tún ti ìṣáná síwájú lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí gbogbo èèyàn bá ti da tiwọn nù tó ku ẹnì kan, òun ló jẹ, kò sì sí ẹni tó lè ní kó ṣí ọwọ́ rẹ̀ kí àwọn rí i.

"Ṣùgbọ́n káàdì kọ́ lẹ̀ ń ta," ni Ògúnlẹ́yẹ wí, ó sì na ìka sí wọn. "Ènìyàn lẹ̀ ń ta. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Má jókòó kí o máa wo ọwọ́ ara ẹ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, ẹni tó wà níwájú ẹ ni kí o máa wò. Ṣé ó dá káàdì méjì padà? Ó ṣeé ṣe kó ní ìbẹta. Ṣé ẹyọ kan ló dá padà? Ẹbí kan tàbí títò ló ń wá. Ọwọ́ tí kò bá dáa, tètè jù ú sílẹ̀. Sùúrù ló pọ̀ jù nínú eré yìí. Ìyókù jẹ́ ìhàlẹ̀."

"Kí ni ìhàlẹ̀?"

"O ò ní nǹkan kan lọ́wọ́, o wá ti ìṣáná bí ẹni tó ní gbogbo ayé."

"Irọ́ nìyẹn o," ni Ọlọ́rundáre wí.

"Irọ́ bí i ti báwo? Ṣé o la ẹnu ni? Ìṣáná lo tì."

Ẹ̀kọ́ náà yé Nùrẹ́nì kíákíá. Ní ti Ọlọ́rundáre, ojú rẹ̀ kò gbà fún un. Bí káàdì bá dáa, etí rẹ̀ á pọ́n. Bí kò bá dáa, á máa gbé itọ́ mì. Rìlífù mẹ́ta léra wọn ló lọ. Nígbà tó ti kẹta dé, tí ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ débi pé Phebe kọ́kọ́ rò pé ìgbóná ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró níwájú dígí. Á fá irùngbọ̀n tán, á dúró síbẹ̀, á máa wo ojú ara rẹ̀.

Phebe ní, "Baálé mi, ṣé ojú yín ti ń dàgbà ni?"

"Mò ń kọ́ ojú mi bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ ni," ó ní.

Ó kọ́ ọ. Ó sì tún hu ọgbọ́n kan tí Ògúnlẹ́yẹ kò kọ́ ọ. Odidi ọdún kan kọjá, kò hàlẹ̀ rí. Bí kò bá ní in, á jù ú sílẹ̀. Bó bá ti ti ìṣáná rẹpẹtẹ, ó ní in ni. Nígbà tó yá, gbogbo sítéṣọ̀n mọ̀ pé bí Ọlọ́rundáre bá ti tì í, kí o yáa sá. Kì í ṣe pé ó ń dẹ páńpẹ́ de ẹnikẹ́ni o. Ẹ̀rù irọ́ ló ń bà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ayé bá ti mọ̀ sí olóòótọ́, ọjọ́ kan ṣoṣo tó bá purọ́, gbogbo wọn ni yóò gbà á gbọ́.

Ọjọ́ náà dé ní ìparí ọdún 1963. Ìpè rìlífù kan dé sítéṣọ̀n. Nùrẹ́nì àti Sikirat ìyàwó rẹ̀ ti fẹ́ra fún ọdún mọ́kànlá láìbímọ. Ìyá Nùrẹ́nì ti sọ̀rọ̀ títí, ó ti wá ìyàwó kejì fún un títí, Nùrẹ́nì kọ̀ jálẹ̀. Ní ọdún náà, Ọlọ́run dá wọn lóhùn. Oyún Sikirat ti wọ oṣù rẹ̀, ó sì ti lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Iléṣà láti dúró de ìbí. Nùrẹ́nì wá bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó na ọwọ́ sí káàdì rárá.

"Dáre, jọ̀ọ́, bá mi lọ eléyìí. Èmi ni n ó lọ mẹ́rin tó bá tẹ̀ lé e."

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tí Ọlọ́rundáre ní láti ṣe nílé? Alága ìkórè ni. Ìjọ wọn ní Iléṣà ti fi í ṣe alága, òun tó jẹ́ ọmọ ẹni tí ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti tẹ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé, aṣọ sányán ti wà lọ́wọ́ télọ̀. Ohun tó fẹ́ tìtorí ẹ̀ jókòó sílé kò ju àga kan lọ, àga onítìmùtìmù kan níwájú ìjọ.

"Wọ́n ti tẹ orúkọ mi," ó ní. "Àkọ́bí kì í sì tètè wá. O ó ti dé kó tó bí."

Nùrẹ́nì mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Jẹ́ ká ta á."

Wọ́n ta á títí di ìrọ̀lẹ́, kò sí ẹni tó ta èkejì yọ. Ìgbà tí ó kù díẹ̀ kí ọkọ̀ dé, Ògúnlẹ́yẹ ní ọwọ́ tí òun fẹ́ pín yìí ni ìgbẹ̀yìn. Ọlọ́rundáre wo tirẹ̀: mẹ́rin jẹ́ ìdílé kan náà, pupa tó ní àmì ọkàn, ìkarùn-ún jẹ́ dúdú. Wọ́n ti ìṣáná díẹ̀. Nùrẹ́nì dá méjì padà. Ọlọ́rundáre dá ẹyọ dúdú náà padà, ó gba òmíràn. Pupa kan péré tó ní àmì ọkàn ló ń wá tí ẹbí kan yóò fi pé. Ó yọjú wò ó. Dúdú ni.

Kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, ìbejì pàápàá kò ní. Ó yẹ kó jù ú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí àga onítìmùtìmù náà, ó sì fi apá gbá gbogbo ìṣáná rẹ̀ síwájú.

Nùrẹ́nì wo ojú rẹ̀ pẹ́. Ojú tó ti kọ́ níwájú dígí kò yí padà. Etí kò pọ́n, kò sì gbé itọ́ mì.

"Dáre, o ní in?"

Ògúnlẹ́yẹ ló dáhùn: "Ìwọ náà mọ̀ pé ẹni yìí kì í hàlẹ̀."

Nùrẹ́nì ṣí káàdì rẹ̀ sórí àpò ìrẹsì. Ìbẹta ni, ọba mẹ́ta. "Ẹbí kan ló mú," ó ní, "ẹyọ kan ló dá padà. Ó jẹ mí." Ó sì da ọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nù. Fèrè ọkọ̀ dún. Ọlọ́rundáre da tirẹ̀ dé ojú bolẹ̀, ó pò ó mọ́ ìyókù.

Nùrẹ́nì kò tíì pẹ́ lọ́hùn-ún rárá tí Sikirat fi bí ọmọkùnrin. Wọ́n tẹ wáyà sí i, òun náà sì tẹ wáyà padà, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ọ̀gá sítéṣọ̀n, tí kì í dá sí nǹkan, dá sí èyí. Ó pe Ọlọ́rundáre sí ọ́fíìsì. "Bí o bá lè lọ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ọkọ̀ òní ń lọ. Mi ò ní fi dandan mú ẹ." Ìsọmọlórúkọ bọ́ sí Sátidé, ìkórè sì di Sọ́ńdè ọjọ́ kejì rẹ̀. Ọlọ́rundáre tẹjú mọ́lẹ̀.

"Ọ̀gá, wọ́n ti fi mí ṣe alága."

Ẹ wò ó, mo lè dárí ti káàdì jì í. Ẹni tó ń ta káàdì ń ta káàdì. Èyí ni ó le fún mi.

Wáyà Nùrẹ́nì kejì sọ pé kí wọ́n pe ọmọ náà ní Lùkúmọ̀n, kí Dáre sì bá òun wò ó dáadáa. Ọlọ́rundáre lọ. Ó wọ sányán tuntun náà lọ, kí àwọn ará Iléṣà lè ti máa rí i. Nígbà tí áfáà ṣàdúà tán, ẹ̀gbọ́n Nùrẹ́nì gbé ọmọ lé e lọ́wọ́: "Gbà, ìwọ ọ̀rẹ́ bàbá ẹ̀. Bá a wò ó." Ọlọ́rundáre gbà á. Ìdí ọmọ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọkàn rẹ̀ sì lọ sára aṣọ. Bí ọmọ yìí bá tọ̀ sí sányán, kí ni òun ó wọ̀ lọ́la? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Ọlọ́run á wò ó," ó sì gbé e padà fún ìyá rẹ̀. Kò wo ojú ọmọ náà tó bí ènìyàn ṣe ń wo aago.

Ìkórè dùn. Inú rẹ̀ dùn lórí àga náà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ Ajé, gìrì mú ọmọ náà. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Kò sí ẹni tó tẹ wáyà sí Nùrẹ́nì, nítorí a kì í túfọ̀ àkọ́bí fún baba ọmọ níbi tí kò ti sí ẹni tó lè dì í mú. Ọjọ́ tí rìlífù pé, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ Ọlọ́rundáre. Òun fúnra rẹ̀ ló fa irin tí ọkọ̀ náà fi wọlé. Ó rí Nùrẹ́nì lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, tó ń fi fìlà kékeré kan juwọ́ sí i, fìlà olówùú tí àwọn Nupe hun. Béjidé tiro lọ pàdé rẹ̀, ó gbá a mọ́ra, kò sì jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ dáadáa kó tó sọ fún un.

Lẹ́yìn èyí, Ọlọ́rundáre kò fọwọ́ kan káàdì mọ́. Gbogbo rìlífù tó dé, òun ló ń lọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó lọ. Nùrẹ́nì a máa sọ fún àwọn ènìyàn pé, "Ẹ ẹ̀ rí ọ̀rẹ́ gidi?" Ọ̀rọ̀ náà a máa gún un lọ́kàn. Ó lọ bá pásítọ̀, pásítọ̀ ní kí ó lọ jẹ́wọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀. Ó lọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà Nùrẹ́nì ní Òkè-Baálẹ̀, Nùrẹ́nì yọ̀ mọ́ ọn, ó gbé àga fún un, Sikirat gbé iyán wá. Ó jẹ iyán náà, ó sì padà sílé. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe nígbà gbogbo. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Ọlọ́rundáre yìí, èmi ò mọ ibi tí òtítọ́ gbé jókòó tó ń sinmi.

Sikirat kò bí mọ́. Kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ Lùkúmọ̀n níṣojú òun. Nítorí náà, bí Nùrẹ́nì bá fẹ́ gbọ́ nípa ọmọ rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló lè bi ní Òṣogbo. Bí wọ́n bá jókòó sórí irin lẹ́yìn iṣẹ́, á sún mọ́ Ọlọ́rundáre.

"Dáre, irú imú wo ló ní?"

Kí ló fẹ́ sọ? Pé aṣọ ni òun ń wò? Ó ní, "Imú ẹ ni." Lọ́dún kejì, ó ní irun rẹ̀ pọ̀ níwájú. Lọ́dún kẹta, ó ní ó di ìka òun mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ó mọ odidi ọmọ kan fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ látinú afẹ́fẹ́, Nùrẹ́nì sì fẹ́ràn ọmọ náà. Lálẹ́, Ọlọ́rundáre á dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Phebe, ọmọ tó fi irọ́ mọ á sì máa wò ó.

Ní ọdún 1975, Nùrẹ́nì fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ojú tó ń dùn ún. Ó wá kí Ọlọ́rundáre nílé ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Wọ́n sọ̀rọ̀ sítéṣọ̀n, wọ́n sọ̀rọ̀ Béjidé tó ti kú. Nùrẹ́nì wá ń fi àtàǹpàkò nu etí ife.

"Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bi ẹ́," ó ní. "Mo mọ̀ pé wọn kì í bi í. Mo ní ọba mẹ́ta lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo jù wọ́n nù. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ sùn, mò ń rí wọn. Mo ń sọ fún ara mi pé, Nùrẹ́nì, ká ní o dúró ni, ká ní o ò ṣojo, o ò bá ti rí ọmọ ẹ. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi jù ú nù. Dáre, kí lo mú?"

Phebe wà lẹ́yìnkùlé, ó ń gún nǹkan nínú odó. Ọlọ́rundáre ń gbọ́ ọ. Ohun tí pásítọ̀ sọ wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó sì la ẹnu. Ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti ń ṣe bàìbàì. Bí òun bá sọ òtítọ́, ọkùnrin yìí á mọ̀ dájú pé ọba mẹ́ta náà ìbá ti dá a dúró sílé. Òun á sọ ẹrù náà kalẹ̀ kúrò lórí ara òun, Nùrẹ́nì ni yóò sì rù ú dé sàréè. Bí òun kò bá sì sọ ọ́, kò sí ìgbà tí òun ó tún sọ ọ́ mọ́ láyé yìí.

"Ẹbí kan ni," ó ní. "Pupa ni gbogbo wọn."

"Márààrún?"

"Márààrún."

Nùrẹ́nì rọra gbé ife sílẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Alhamdulilahi," ó ní. "Kò sí bí ǹ bá ṣe rí i nìyẹn."

"Kò sí," ni Ọlọ́rundáre wí.